Ṣé dandan ni staff orin? Èsì fún àbúrò wa tó wà ní Kubwa

Àbúrò, o ní o ti fi FL Studio, ìyẹn app tí a fi ń ṣe orin, sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, orin ìyìn Yorùbá lo fẹ́ ṣe, olùkọ́ kan sì ní àfi kí o sanwó kọ́ staff, ìyẹn ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí, kí o tó lè mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mẹ́ta tí a tẹ̀ pọ̀, tó bá orin rẹ mu. Fi owó rẹ sápò. Àwọn ọ̀gá theory yìí, tí wọ́n á máa ya ìlà márùn-ún síwájú ẹni tí kò tíì mọ ibi tí d wà! Tonic solfa tí o kọ́ ní kwáyà ti tó.

Ṣí piano roll, ojú ibi tí a ti ń to ohùn sórí ìlà nínú FL Studio. Ìlà kan sí èkejì ni ìgbésẹ̀ tó kéré jù lọ, funfun ni o, dúdú ni o. Mú ìlà kan ní d, kí o máa kà gòkè: 2 kan r, 2 kan m, 1 kan f, 2 kan s, 2 kan l, 2 kan t, 1 kan d òkè. 2-2-1-2-2-2-1. Bí d bá wà lórí F, f rẹ máa bọ́ sórí key dúdú. A# ni FL Studio máa kọ síbẹ̀, B flat náà ni. Ẹni tó bá fi B funfun síbẹ̀ ni orin rẹ̀ máa ń kan létí.

Ìlù gan-an nibi tí ojú ti ń rí màbo. Bí o bá ṣí FL Studio, ó ti pín lílù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin fún ọ. Orin ìyìn tiwa tí ara ń jó sí, mẹ́ta-mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Lílù mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 12. Bí o bá wá to agogo sórí mẹ́rin-mẹ́rin, á máa tiro, o ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é. Wàá yí ìró agogo padà, wàá yí tempo padà, pàbó ni. Bí o bá tún lu quantize, tó ń to ohùn sórí ìlà fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà á fa gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ. Lọ sí snap lókè, òun ló ń pinnu ibi tí ohùn lè bọ́ sí, mú 1/3 beat. Nínú 12 náà, kí o wá fi agogo sí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹsẹ̀, ìyẹn kick, sí 1, 4, 7, 10. Wò ó dáadáa: 1 àti 10 nìkan ni agogo àti ẹsẹ̀ ti pàdé, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, má tún un ṣe. Ka àlàfo agogo náà: 2-2-1-2-2-2-1. Bí a ṣe kà á láti d dé d òkè náà nìyẹn!

Má ṣàdédé wa loop, ìyẹn ègé orin tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀, sínú iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ Am, ìyẹn A minor, sí, ilé C ló ti wá, ohùn kan náà ni wọ́n ń lò. Kí ó tó lè bá orin rẹ tí d rẹ̀ wà lórí F mu, o ní láti gbé e sókè ìlà 5. Gìtá lè gbà á, àmọ́ ohùn ènìyàn á máa ké bí òròmọdìyẹ. Wá loop míì.

Wo transpose, tó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, lórí kíbọ́ọ̀dù orin rẹ náà, kó wà ní 0. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Tẹ Ctrl+S ní gbogbo ìgbà kí iṣẹ́ rẹ má bàa sọnù, o mọ iná ọba.

Kọ́ọ̀dù tí o béèrè ńkọ́? Mẹ́ta ló ń gbé ọ̀pọ̀ orin ìyìn: d-m-s, f-l-d, s-t-r. Kò sí ohùn kan nínú méjèèje tí kò sí nínú wọn. Wo ohùn tí orin wà lórí rẹ̀ níbi tí kick kìíní bọ́ sí. Bó bá jẹ́ m, d-m-s. Bó bá jẹ́ f tàbí l, f-l-d. Bó bá jẹ́ r tàbí t, s-t-r. d àti s wà nínú méjì-méjì, etí rẹ ni kí o fi yan. Bó bá fẹ́ dùn jù, fi l-d-m rọ́pò d-m-s lẹ́ẹ̀kan. Nísàlẹ̀ C4 ti FL Studio, má to ohùn mẹ́ta pọ̀, á kàn máa hó ni. Ohùn ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀dù nìkan ni kí bass tẹ̀.