Èbu Ọsàn Tó Funfun Nínú Ìgò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin Neurospora crassa, èbu àwọ̀ ọsàn tó máa ń bo búrẹ́dì, sínú ìgò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mẹ́ta nínú àwọn ìgò náà funfun báláú. Ṣé jíìnì àwọ̀ wọn ló bàjẹ́? (Olùkọ́ bàọ́lọ́jì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ má tíì dá jíìnì lẹ́bi. Ibo lẹ gbé ìgò sí? Fọ́nrán èbu yìí, ara rẹ̀ tó rí bí òwú, kì í pọ́n lókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń jí jíìnì àwọ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun orí rẹ̀, hóró tó fi ń tàn kálẹ̀, nìkan ló ń pọ́n láìsí ìmọ́lẹ̀. Karotínọ́ìdì ni àwọ̀ náà, ẹbí èyí tó mú epo pupa pọ́n.

Ẹ gbé wọn sí ojú fèrèsé, kì í ṣe inú oòrùn gan-an, fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá wò wọ́n dáadáa. Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, òkùnkùn ló fà á. Bí fọ́nrán tó lẹ̀ mọ́ ágà (oúnjẹ dídì inú ìgò) bá ṣì funfun, tí ìyẹ̀fun tó gun ara ìgò sì pọ́n, jíìnì wc-1 tàbí wc-2 ló yí padà: àwọn ni ojú tí èbu fi ń rí ìmọ́lẹ̀. “Kọ́là funfun” ni ìtumọ̀ orúkọ wọn, bí ẹ bá sì rí ìgò náà, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Bí fọ́nrán àti ìyẹ̀fun bá jọ funfun, ẹ fura sí jíìnì al-1 tàbí al-2, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń pèsè àwọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá dà bí ìyeyè, jíìnì ylo-1 ni, tó wà fún ìgbésẹ̀ ìkẹyìn nínú ṣíṣe àwọ̀ náà.

Kó lè dá yín lójú, ẹ gbin èbu funfun pọ̀ mọ́ èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, kí ọ̀kan jẹ́ irú A, èkejì irú a, irú méjì tó ń bá ara wọn bímọ. (Ẹ má pè wọ́n ní akọ àti abo, méjèèjì ló lè ṣe iṣẹ́ abo.) 25°C ni kí ẹ fi wọ́n sí, lórí oúnjẹ tí náítírójìn rẹ̀ kéré. Ooru púpọ̀ tàbí àjẹyó kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, hóró dúdú, àwọn ọmọ wọn, yóò ta sára ìgò. Ẹ fi wọ́n sínú omi 60°C fún ìṣẹ́jú 30. Ooru yẹn ló ń jí wọn, ìdí nìyẹn tí èbu yìí fi ń hù lára igi tó jóná. Ooru yẹn náà ló ń pa ìyẹ̀fun àwọn òbí tó bá lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, òbí ni yóò máa kà pọ̀ mọ́ ọmọ.

Bí jíìnì kan ṣoṣo ló yí padà, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ yóò funfun. Ẹ̀dà jíìnì kan péré ni hóró kọ̀ọ̀kan ní, kò sí èkejì tí yóò bo àbùkù mọ́lẹ̀.

Ìyẹ̀fun yìí ń fò gan-an. Ẹ má ṣí ìgò lábẹ́ fáànù, kí ẹ sì sè é ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó dà á nù.