Ẹ Bi Sájẹ́ǹtì: Ìbọn Ń Jó Mi Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Iléṣà ni mí, Texas ni mo ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ yìnbọn ní réńjì, pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn, a sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. AR-15 ni tèmi. Alumíníọ̀mù ni hándígáàdì rẹ̀, ibi tí ọwọ́ òsì ti ń gbá ìbọn mú níwájú. Tí mo bá ti yìn tó magasíìnì 4 léraléra, ọta 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kì í lè fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ra ìbọ̀wọ́, ó yọ́ mọ́ irin. Mo ra rọ́bà tí wọ́n fi ń bo hándígáàdì, mo fi bò ó yíká, kò yí padà. Ẹnìkan ní kí n máa da omi tútù sí bárẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Òkèṣà, Texas

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àjò. Má da omi sí i o. N óò padà sórí ìyẹn.

Àtẹ́lẹwọ́ òsì mi ni mo ń wò bí mo ṣe ń kọ èyí. Àpá kan wà lábẹ́ ìka ìfábẹ̀lá mi, ó gùn tó igi ìṣáná. FAL, ìbọn ológun kan, ló fi í síbẹ̀, irú èyí tí DICON, iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa, ṣe ní Kàdúná tí wọ́n pè ní NR1. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun ni. A ti ń yìnbọn láti àárọ̀, ọ̀gá pariwo pé ká kó ẹrù kúrò lójú pápá, mo bá na ọwọ́ gbá ìbọn mú, mi ò wò ó. Hándígáàdì FAL kò gùn títí. Ọwọ́ mi kọjá rẹ̀, ó di orí bárẹ̀lì gan-an. Ó dún ṣììì bí àkàrà tó bọ́ sínú epo. Mi ò ju ìbọn náà sílẹ̀, nítorí mo bẹ̀rù ọ̀gá ju iná lọ. Nígbà tó yá, ibi tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe ni wọ́n gbé mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì wá sílé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Gbogbo ọdún tí mo fi tú ìbọn palẹ̀ yẹn, n kò rí hándígáàdì kan tó dá iná ara rẹ̀ dá. Bárẹ̀lì ló ń gbóná. Ìròyìn ni hándígáàdì kàn ń mú wá fún ọwọ́ rẹ.

Wo inú ilé ìdáná. Ìkòkò alumíníọ̀mù tó wà lórí iná, ta ni yóò fọwọ́ lásán sọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n ọmọorógùn tí ìyá rẹ fi ń ro ọkà nínú ìkòkò kan náà, ìdí rẹ̀ tútù lọ́wọ́ wọn. Igi kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ti alumíníọ̀mù yàtọ̀. Ó ń gbé ooru lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin irin bárẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbọn àtijọ́ fi wọ ẹ̀wù igi. Igi náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: tí wọ́n bá yìn AK ní àyìnìdúró, èéfín a máa rú lára igi náà, a sì máa jó dúdú. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ike ṣe ti M16, ìbọn ológun wọn tó bá AR-15 rẹ tan, wọ́n tẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ike náà kó lè máa dá ooru padà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní wá ní alumíníọ̀mù lásán lẹ fẹ́, torí pé ó fúyẹ́, ó le, ó sì gba tọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹsẹ̀ tí ìbọn fi ń dúró, ó gba kí-ni-kan tí ẹ bá fẹ́ so mọ́ ọn. Ẹwà lo rà, ooru ni wọ́n fi ṣe ẹ̀nì.

Jẹ́ ká wo ibi tí o ń gbá mú. Ní ìdí hándígáàdì, níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ nọ́ọ̀tì bárẹ̀lì, irin kan irin ni. Ooru ń gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Níwájú, ibì kan wà tí èéfín ẹ̀tù ti ń yà kúrò nínú bárẹ̀lì bọ́ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń padà wá sẹ́yìn. Ojú ààrò ni ibẹ̀. Òkè náà gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè ni. Nítorí náà, àárín ni kí o gbá mú, láti abẹ́, má sì jẹ́ kí àtàǹpàkò gùn wá sókè.

Rọ́bà tí o fi bò ó yíká ńkọ́? Àwọn ihò ara hándígáàdì yẹn, imú ìbọn ni. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, gbígbóná ń gba òkè jáde. Ìwọ fi rọ́bà dí i ní imú, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí kò mí. Tú gbogbo rẹ̀ kúrò lónìí. Fi ẹyọ kan sí abẹ́, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń fara lé, kí ìyókù wà ní ṣíṣí. Ti ìbọ̀wọ́ rọrùn: náílọ́ọ̀nù lo rà, náílọ́ọ̀nù a sì máa yọ́. Awọ ni kí o wá, bí irú èyí tí àwa wẹ́dà ń lò ṣùgbọ́n tí kò ki tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni kí o wọ̀ ọ́ sí. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń fa tírígà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú lẹ́tà rẹ ni "léraléra" yẹn. Fún M16, ọta 12 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan ni ìwé àwọn ológun Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ máa yìn lọ láìdúró. Ṣírò rẹ̀: ọta 120 rẹ yóò gba ìṣẹ́jú 8 ó kéré tán. Mélòó ni tìrẹ gbà? Má parọ́ fún mi. Bí o bá ti ń fojú awò wo àmì tí o ń yìn, tí àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ọ̀dà títì ṣe máa ń jó lójú ẹni lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, bárẹ̀lì ti kìlọ̀ fún ọ nìyẹn, ọta rẹ kò sì ní balẹ̀ síbi tó ti ń balẹ̀ mọ́. Owó lo kàn ń jù nù.

Bí èmi bá wà níbẹ̀, báyìí ni n óò ṣe. N óò yìn magasíìnì kan, n óò yọ ọ́, n óò fa bóòtì, irin tó ń ti ọta wọlé, sẹ́yìn kí ó há síbẹ̀, n óò sì fojú wo ilé ọta pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú o, má ti ìka bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà n óò gbé ìbọn dúró sínú àgbékọ́ wọn, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, nínú ibòji, nítorí ìbọn dúdú nínú oòrùn Texas, iná méjì ni. Bí ó bá dúró tí inú rẹ̀ ṣí, afẹ́fẹ́ a máa gba inú bárẹ̀lì gòkè bí èéfín ṣe ń gba ihò òrùlé ilé ìdáná. Ìwọ lọ mu omi, lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jiyàn. Ó ṣe díẹ̀, padà wá, na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn kí o tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ju ọwọ́ jíjó lọ: má ṣe fi ọta sílẹ̀ nínú ilé ọta ìbọn tó gbóná kankan. Ooru nìkan lè mú ẹ̀tù inú rẹ̀ gbiná, kó yìn fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àní bí ẹ bá dẹ́kun díẹ̀ láti sọ̀rọ̀, yọ ọ́.

Omi wá kù. Alágbẹ̀dẹ a máa ti irin gbígbóná bọ omi nítorí ó fẹ́ kí irin náà yí padà. Ìwọ kò fẹ́ kí tìrẹ yí padà. Lóòótọ́, ooru bárẹ̀lì rẹ kò tó ti ìdí ẹwìrì, ṣùgbọ́n oru omi yóò bù ọ́ lójú, ìpẹtà yóò sì wọ inú ihò tó yẹ kó máa dán. Ọwọ́ tó bá jó ló ni omi: sí ẹ̀rọ, kí omi tútù máa ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Má fi epo pupa pa á, má fi ẹyin pa á, bí ìyá àgbà tilẹ̀ pè ọ́ lórí fóònù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ra irú AR-15 bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kí n máa fi ṣe eré ìdárayá?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Rárá. Láti ọdún 1959 ni òfin ìbọn wa ti wà, ìbọn irú ti ológun sì wà lára ohun tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà. Ayò wà.

ÌBÉÈRÈ: Sájẹ́ǹtì, ẹ kú ilé. Ọdẹ ni wá. Níbi ìsípà ọ̀gá wa, a yìn ṣakabùlà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀kan nínú wa ń rọ ẹ̀tù sí tirẹ̀, ló bá gbiná, ó jó o ní irùngbọ̀n. Wọ́n ní àwọn ayé ni. Kí lẹ rí sí i?
Ọdẹ kan, ọ̀nà Ìfẹ̀tẹ̀dó

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. N kò ní bá yín jiyàn ayé, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀yinná. Ìbọn tí a sọ lókè yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí. Ti ṣakabùlà dí. Bí ẹ bá yìn ín, ihá tí ẹ fi dí i lè jó kù sí ìsàlẹ̀, kó máa pọ́n bí ojú sìgá, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ẹ̀tù tó bá bá a níbẹ̀ kò ní bi í léèrè ìdílé.

Lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ di àkísà tútù mọ́ ọ̀pá tí ẹ fi ń gún un, ẹ ti í kàn ìsàlẹ̀, ẹ yí i, ẹ fà á yọ, ẹ wá fi gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe rọ ẹ̀tù láti inú agolo ńlá tààrà o. Ìwọ̀n ẹyọ kan ni kí ẹ bù sọ́tọ̀, kí ẹ dé agolo, kí ẹ gbé e jìnnà, kí ojú yín má sì wà lókè ẹnu ìbọn. Bí irin bá sì ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè fọwọ́ gbá a mú, ẹ gbé e ti ògiri. Kí oníìrèmọ̀jé máa bá tiẹ̀ lọ títí yóò fi tutù.