Ìgbà Wo Ni Kí N Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Igi àti Òdòdó?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Òkè-Bàlógun ní Ẹ̀pẹ́ ni à ń gbé. Ní oṣù kẹta ọdọọdún ni àbúrò ọkọ mi tó wà ní London máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa, níbi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti jókòó sáàárín òdòdó nínú ọgbà Kew, tí wọ́n á ní òtútù ti kógbá sílé. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta (ọdún 11, 7 àti 4) ti ń bi mí léèrè ìgbà tí tiwa máa dé. Ṣé àwa náà ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Bí a bá ní in, ibo ni mo lè kó wọn lọ láti Ẹ̀pẹ́, kí ni kí n sì múra sílẹ̀ fún?

Ìdáhùn:
A ní in, ìyá wa. Ohun tó ń bò ó mọ́ wa lójú ni pé òtútù àti ooru ni àwọn ará ọ̀hún fi ń mọ tiwọn, bẹ́ẹ̀ omi ni tiwa ń wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ló ń dá igi àti koríko dúró. Bí oṣù kẹta bá dé, tí ojúmọ́ ń gùn sí i, tí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, òdòdó daffodil tí wọ́n jókòó sáàárín rẹ̀ nínú àwòrán, tó ti fi oúnjẹ pamọ́ sínú ohun kan tó dà bí àlùbọ́sà lábẹ́ ilẹ̀, yóò ta sókè. Níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣe iṣẹ́ òtútù yẹn. Ẹ wo iṣu tó kù lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná yín ní oṣù kejì: á ti máa hù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò bu omi rin ín. Ohun tí iṣu yẹn ń ṣe gan-an ni daffodil ń ṣe. Ẹ fi han àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Àsìkò tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù kejì, ó sì ń lọ dé oṣù kẹrin. Bí ẹ bá ní kí n mú ọjọ́ fún yín, n ó ní kí ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó jáde. Òjò yẹn á ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé, koríko á ti máa yọ, ìgbín á sì ti jáde. Àwọn igi kan kì í tilẹ̀ dúró de òjò. Ìrókò àti àràbà máa ń wọ́ ewé sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi má bàa tán lára wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń rúwé tuntun kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Lákòókò yìí kan náà ni èso àràbà ń là, tí òwú rẹ̀ ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́. Ewé máńgòrò tuntun ni mo fẹ́ràn jù láti fi han ọmọdé, nítorí kì í jáde ní àwọ̀ ewé. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló máa ń jẹ́, ó máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á sì rọ wálẹ̀ lórí ẹ̀ka bí ẹni pé ó ti rọ, títí yóò fi le tí yóò sì di àwọ̀ ewé.

Ní ti ibi tí ẹ lè lọ, LUFASI Nature Park, ọgbà igbó àti ẹranko tó wà ní Majek, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ni ẹ máa kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ bá kọjá Àjàh, ẹ máa dé Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà gba orí àbàtà kọjá níbẹ̀, tí ọmọ ọdún 4 lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí yóò sì rí ọ̀pẹ ògùrọ̀ tó dúró nínú omi. Afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 tún wà níbẹ̀. Ó máa ń mì. Ẹni ọdún 11 yóò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé àbíkẹ́yìn gùn ún. Àwọn ọgbà tí yunifásítì fi ń kọ́ni, bíi ti Èkó ní Akọka àti ti Ìbàdàn, dára púpọ̀, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn fún ọmọ kékeré láti Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ tètè jáde, kí ẹ ti wọlé ọgbà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kì í ṣe nítorí oòrùn nìkan. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò oṣù kẹta àti kẹrin sábà máa ń dé, tòun ti ìjì àti àrá. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi, ẹ wá ilé.

Ẹ má sì gbìyànjú láti rí ohun gbogbo. Èmi alára ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Ní Sátidé kan, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọgbà ní ọ̀sán gangan, mo sì ń ka orúkọ igi fún wọn bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí àbíkẹ́yìn fi jókòó sílẹ̀ tó ní òun ò rìn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rántí dòní nínú ìrìn náà ni ìgbín kan tó ń gun ara igi, tí èmi ò tilẹ̀ mẹ́nu bà.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni ọdún 4 máa wá patanmọ́, kí ó máa fọwọ́ kàn án kí ó sì wò bó ṣe ń pa ewé dé (omi ló ń sá kúrò nídìí ewé náà tó fi ń wó). Ẹni ọdún 7 lè máa ka oríṣi àwọ̀ tí ewé tuntun ní. Kí ẹni ọdún 11 máa wá òrúrù, igi tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná. Omi wà nínú èyí tí kò tíì là, bí a bá sì fún un, yóò tú jáde ṣìì bí ìbọn omi. Èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má ṣe já a lórí igi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ fún wọn lé lórí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹnu mọ́ ọn. Èso wèrèpè ṣì máa ń gbẹ sórí igi lásìkò yìí, irun ara rẹ̀ sì ń yún ènìyàn gan-an. Ojú ológbò, hóró pupa tí orí rẹ̀ dúdú tí ọmọdé fẹ́ràn láti ṣà, ní májèlé, kò gbọdọ̀ kan ẹnu rárá. Ìjàlọ máa ń tò lọ lẹ́yìn òjò, nítorí náà bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ fún wọn, kì í ṣe sílípáàsì. Ọ̀bọ sì wà nínú ọgbà ti Lekki, ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ hàn lọ́wọ́ ọmọ, àpò tí a lè pa dé ni kí ó wà.

Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, ẹ má sì wọ funfun fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí omi òrúrù tí mo ní kí wọ́n fi ṣeré yẹn máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára aṣọ.