Èsì: Ogójì ọdún lójú òkun

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun afẹ́ lè ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún tó lárinrin. Ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ má retí ìsinmi: ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀, títí kan ọjọ́ Àìkú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Bó bá sọdá ìlà ọjọ́ (ìlà àfojúinúwò tí ọjọ́ ti ń yí padà) ní òkun Pàsífíìkì láti ìhà Amẹ́ríkà lọ sí ìhà Éṣíà, odindi ọjọ́ kan ni yóò pòórá nínú kàlẹ́ńdà, ó sì lè jẹ́ tiyín gan-an! (Àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì; mo jowú wọn.)

Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín, kí ẹ lè bá ẹlòmíì pààrọ̀ àsìkò iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá máa gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rí i pé orúkọ yín kò sí lára àwọn tí yóò dúró ti ọkọ̀. Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wọ yàrá yín o, iná lójú omi kì í ṣe eré. Èyí tó ń lo bátìrì ti tó. Ọtí náà níwọ̀n: fún òṣìṣẹ́ tó ní ojúṣe ààbò, òfin àgbáyé ò fàyè gba ju 0.05% nínú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, ilé ọtí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ló dùn jù. Ní ti àwọn ará ilé, íntánẹ́ẹ̀tì lè máa já lójú òkun. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ìkíni ránṣẹ́ ṣáájú.