Ẹ fọwọ́ ara yín ka igi yín

Ẹ̀yin tí ẹ ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára kòkó bàbá yín, pé wáyà iná ńlá máa gba oko yín kọjá, tí ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó gbà-má-bínú: ẹ má tíì fọwọ́ sí i o.

Lọ́dọ̀ tiwa, lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́, ààfin ni àwọn oníwáyà pèpàdé sí. Wọ́n pín omi inú ọ̀rá, àwọn àgbà mirí, ó parí. Nínú ìwé wọn, wọ́n ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn Ebira tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa àtàwọn obìnrin tó ń fọ epo létí odò, ta ló sọ fún wọn?

Ọmọkùnrin tó wá ka igi ò wọnú oko. Ojú ọ̀nà ló dúró sí tó ń na bírò, ó kọ kòkó 43. Àwọn kéékèèké tó wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní igbó ni. Ìyá mi ló gbọ́n. Ó fa àkísà ya tẹ́ẹ́rẹ́, à ń so ó mọ́ igi kọ̀ọ̀kan, òun náà ń ju hóró àgbàdo kan sínú igbá. Nírọ̀lẹ́, hóró 71 la kà. A ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n bínú, ṣùgbọ́n wọ́n wá.

Ìdí tí kíka igi fi ṣe pàtàkì ni pé Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ohun tó wà lórí ilẹ̀, igi, ilé, irè oko, ni wọ́n ń san owó gbà-má-bínú lé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan wá, ì báà jẹ́ ibẹ̀ lẹ sin bàbá ńlá yín sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ bèèrè irú wáyà tó jẹ́. kV ni wọ́n fi ń ka agbára iná inú wáyà. Ọ̀nà 132kV, mítà 30 ni fífẹ̀ ilẹ̀ tó ń gbà. Ti 330kV, 50. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ibi tí àwa ti ṣìṣe rèé: orúkọ olórí ẹbí nìkan la kọ. Nígbà tówó dé, wọ́n ní ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ò ní ìpín, bẹ́ẹ̀ iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n run, àwọn ló gbìn ín. Ọ̀kan nínú wọn ò kí wa mọ́ títí dòní, mi ò sì dá a lẹ́bi. Kí ẹni tó gbin nǹkan ní ìlà tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi fóònù ya gbogbo ojú ewé kí wọ́n tó gbé e lọ.

Tí wọ́n bá ní “ẹ fọwọ́ sí i ná, a óò kọ iye rẹ̀ tó bá yá,” ẹ dá bírò wọn padà fún wọn.