Kí ni Ṣàngó ń ṣe níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Marina?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ère Ṣàngó tó wà níwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina, l'Ékòó, ṣé torí pé òun ló ni mànàmáná ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀? Ṣé wọ́n ń bọ ọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. ECN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iná mànàmáná nígbà náà, ló ní kí wọ́n ṣe é ní 1964, nígbà tí wọn ò tíì dá NEPA sílẹ̀. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló fi idẹ rọ ọ́, ó sì fi oṣé lé e lọ́wọ́.

Mànàmáná ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn Ọ̀yọ́. Wọ́n ní nígbà tí Ṣàngó jọba, ọwọ́ rẹ̀ tẹ oògùn tí a fi ń pe àrá. Ó gun òkè lọ láti dán an wò. Àrá sán lóòótọ́, àmọ́ ààfin òun fúnra rẹ̀ ló já lé, ó sì pa nínú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ọba tó ní àrá lọ́wọ́ kò rí ìjánu fi sí i lẹ́nu. Wàhálà ilé iṣẹ́ iná gan-an nìyẹn. Ní Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, wọ́n ń fi gáàsì se omi títí yóò fi di oru tó ń yí ẹ̀rọ mẹ́fà, àpapọ̀ agbára wọn sì tó mẹ́gáwáàtì 1,320. Tiransifọ́mà ni yóò rọ iná náà lójú kí ó tó wọ yàrá yín. Bí kò bá rọ̀ ọ́, tẹlifíṣọ̀n yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ti ìyàwó Ṣàngó ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1964 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò Ọya ní Kainji kí omi rẹ̀ lè máa pèsè iná, iṣẹ́ sì parí ní 1968. ECN wà lọ́tọ̀, àjọ tó ń bójú tó odò Ọya náà wà lọ́tọ̀, títí ìjọba fi dà wọ́n pọ̀ ní 1972 tí wọ́n di NEPA. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti so tọkọtaya pọ̀ láìmọ̀! Àwọn àgbà sì sọ pé Ọya rorò ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ bi ará Mushin tàbí Ṣómólú: atẹ́gùn lásán ló máa fẹ́, òjò ò tíì kán, iná ti lọ.

Wọn kì í bọ ọ́ o. Orí odó ni a ń tẹ́ ẹdùn àrá sí ní ojúbọ Ṣàngó, orógbó la sì fi ń bọ ọ́. Ère ọ́fíìsì ni ti Marina. Bí ẹ bá bá orógbó níbẹ̀, ẹni tó gbé e wá ló mọ ohun tí òun àti Ṣàngó jọ ń sọ.