WC tó yẹ ilé tí omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́

Ẹ kú wàhálà ilé o. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ìdí WC tó wà nílé bàbá yín ní Ìpẹru ti sán, plọ́ḿbà ti ní kò ṣeé lẹ̀ mọ́, ẹ sì fẹ́ ra òmíràn tí kò ní máa yọ màmá yín àti àwọn ayálégbé lẹ́nu. Ẹ tún sọ pé kí ó tó sán rárá ni kì í ti í gbé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kí ẹ ra èyí tí ènìyàn lè da rọ́bà omi kan sí, kí ó sì gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ihò rẹ̀ bá ihò ilẹ̀ yín mu, kí ẹ sì lè rí ohun èlò inú taǹkì rẹ̀ rà ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde láìjẹ́ pé ẹ ń wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára àti bí ó ṣe ń dán lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n wá.

Èmi ni mo ń mójú tó ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí bàbá wa ti dolóògbé, inú ilé náà ni mo sì ti rí ohun tí mo ń sọ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí wa tó ń gbé Èkó fi WC olówó ńlá kan ta ilé lọ́rẹ. Taǹkì àti àwo rẹ̀ jẹ́ odidi kan, omi tó ń dúró nínú rẹ̀ pọ̀, ó sì rẹwà púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ti wà nínú taǹkì òkè, kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá dé, tí àwọn ará wa láti Èkó àti Ìbàdàn kún ilé nítorí Ojúde Ọba tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún, iná kò sí, pọ́ńpù kò lè ṣiṣẹ́, omi òkè tán, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi kànga wọlé. Bí ẹni kan bá da omi sí WC náà, omi á kún dé etí àwo, á yí po pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, á wá rọra fà sílẹ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ á sì tún jókòó síbi tó wà. Àwọn ìyá tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn tán, tí wọ́n ti wé gèlè, ń tò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ara sì ń ta wọ́n. Níkẹyìn, WC funfun àtijọ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò sẹ́ni tó kà á sí, ni gbogbo ilé ń lò: rọ́bà ọ̀dà kékeré kan, tó ń gba lítà 4, ni à ń dà sí i, ó sì ń gbé e lọ.

Bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà àbájáde wọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Irú kan wà tó jẹ́ pé omi tó ya lulẹ̀ láti inú taǹkì ni ó ń ti ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Omi tó ń dúró nínú àwo rẹ̀ kì í pọ̀, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ kúrú, ó sì fẹ̀. Irú èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Yúróòpù ń lò jù, òun náà ni mo sì bá nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí mo ti wọ̀ lágbègbè wa. Irú kejì, tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, fífà ni ó ń fà á. Ọ̀nà àbájáde rẹ̀ gùn, ó lọ́, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn kò ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ, nítorí pé omi ní láti kún ọ̀nà náà pátápátá kí ó tó lè fa ohun tó wà nínú àwo lọ. Taǹkì rẹ̀ lè tú omi sílẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, pàápàá ọmọdé tàbí àgbàlagbà tó ń rọra da omi kí ó má ba à ta sí aṣọ rẹ̀, kì í sábà yára tó o. Ẹ lè dá a mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù: ojú omi inú àwo rẹ̀ máa ń gbòòrò, ẹ ó sì sábà rí ihò kékeré kan nísàlẹ̀ àwo, níbi tí omi ti ń tú jáde. Mi ò sọ pé kò dára. Nílé tí omi kì í ti í dáwọ́ dúró, ó mọ́ tónítóní ju irú àkọ́kọ́ lọ, kì í sì í tètè rùn, nígbà tí irú àkọ́kọ́ ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ilé rẹ̀ gbára lé iná àti pọ́ńpù, èyí tí omi ń tì ni kí ó mú.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé. WC tí kì í gbé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ kí ó tó sán lè máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ sọ́kàwéè, tuntun tí ẹ bá rà yóò sì bá a jẹ nínú ìyà náà. Ẹ ṣí ìdérí máńhòólù tó sún mọ́ balùwẹ̀ jù, kí ẹnì kan da omi sínú àwo. Bí omi bá tètè dé, tó sì kọjá lọ, páìpù dá ṣáká. Bí ẹ bá bá máńhòólù náà ní kíkún kí ẹ tó da ohunkóhun, ohun kan ló dí ọ̀nà níwájú, tàbí kí sọ́kàwéè fúnra rẹ̀ ti kún, èyí tó wọ́pọ̀ nígbà òjò tí ilẹ̀ kò gba omi mọ́. Bí ó bá ṣófo, ṣùgbọ́n tí omi ń pẹ́ kí ó tó dé, inú àwo tàbí inú páìpù tó wà láàárín wọn ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀ sí. Ẹ tún tẹ́tí sí ihò omi ilẹ̀ balùwẹ̀. Bí ó bá ń hó nígbà tí ẹ da omi sí WC, ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn má rọ́nà gbà; kí plọ́ḿbà yẹ páìpù atẹ́gùn tó gba ara ògiri lọ sókè wò, nítorí ìtẹ́ ẹyẹ tàbí ti agbọ́n lè dí i. Nígbà tí atẹ́gùn kò bá sí, omi tó ń sáré lọ nínú páìpù lè fa omi tó yẹ kí ó dúró nínú ibi títẹ̀ WC lọ pẹ̀lú, òórùn sọ́kàwéè á sì gba ibẹ̀ wọlé. Láti 1775, tí Alexander Cumming ti gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún WC tó ní ọ̀nà títẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi tí kò jìn ju nǹkan bí íǹṣì 2 lọ yìí ni ó ń dá òórùn dúró. Bí WC ilé yín bá ti ń rùn tipẹ́, mo fẹ́ kí ẹ wá ìdí èyí kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú téèpù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri tí wọ́n ti lẹ táìlì sí títí dé àárín gbùngbùn ihò ilẹ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ara táìlì ìsàlẹ̀ ògiri tó yọ síta. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 12, ìyẹn mílímítà 305. Púpọ̀ nínú èyí tó ń wá láti Ṣáínà ni wọ́n ṣe fún 300 tàbí 400. Bí ẹ bá ra ti 400 fún ihò tó wà ní 300, ògiri kò ní jẹ́ kí taǹkì rẹ̀ wọlé, bíríkìlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nílé mìíràn, ara ògiri ni páìpù ti jáde, WC tí ihò rẹ̀ kọjú sẹ́yìn ni irú bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́. Àárín ihò rẹ̀ sábà máa ń ga tó mílímítà 180 láti ilẹ̀. Èyí tó kọjú sẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn láti rà, kódà fún ilé tí ihò rẹ̀ wà nílẹ̀, nítorí pé kọ́ńẹ́kítọ̀ oníke tó tẹ̀ lè darí rẹ̀ sínú páìpù íǹṣì 4 nísàlẹ̀, ó sì ń fún plọ́ḿbà ní àyè díẹ̀ láti sún àwo síwá tàbí sẹ́yìn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kí ó gbé e jáde nínú páálí. Ẹ fi egungun ìka kàn án: èyí tó jinná dáadáa, tí kò sì sán, á dún gooro, èyí tó ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ ti ìka bọ ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ pa inú rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín bá lè dé. Bí ibẹ̀ bá ń yọ̀, wọ́n kùn ún dé inú. Bí ó bá rí họ́họ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìgbọ̀nsẹ̀ àti bébà yóò máa há sí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú taǹkì, nítorí pé ibẹ̀ ni sísán tó tín-ín-rín máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ gbé e ka ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó bá ń mì níbẹ̀ á máa mì nílé, irú mímì bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ohun tó sán ìdí ti bàbá yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí orúnkún màmá yín. Àwo tó wọ́pọ̀ máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ṣùgbọ́n èyí tó ga láti 43 dé 48, tí a bá ka ìjókòó rẹ̀ mọ́ ọn, ló rọrùn fún àgbàlagbà láti jókòó lé àti láti dìde lórí rẹ̀. Kí ẹ jókòó lé e nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ojú má tì yín. Láti ìgbà tí a ti gbé èyí tó ga sí balùwẹ̀ màmá tèmi, wọn kì í ké pe ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ó wá fa àwọn dìde, inú wọn sì dùn sí i ju gbogbo ohun tí a ti ṣe sí ilé náà lọ.

Inú taǹkì ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń ra èyí tí taǹkì rẹ̀ dá wà, tí àwo rẹ̀ dá wà, kí ó lè ṣeé ṣe láti pààrọ̀ ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ya fọ́tò fáàfù tó ń gba omi wọlé àti èyí tó ń tú u sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì mìíràn bóyá wọ́n ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí àwo rẹ̀ dára tó. Ní ìhà Ṣágámù, níbi tí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀, omi kànga àti ti bọ́họ́ọ̀lù lè máa fi ìpẹ́ funfun sẹ́nu fáàfù, fáàfù náà kò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Ẹ ó máa pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ bópẹ́ bóyá. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ sínú omi taǹkì, kí ẹ má sì ṣe fọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi inú àwo bá di aró, ó ń jò, ó sì ń fi omi òkè ṣòfò láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsẹ́ni tó gbọ́.

Ẹ má fòyà bí wọ́n bá ní lítà 6 péré ni ó ń lò. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò tẹ́lẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 13. Òfin 1992, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, ló dín in kù sí 6, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn òfin Amẹ́ríkà mú kí àwọn ènìyàn ráhùn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ọ̀nà àbájáde wọn mọ. Nísinsìnyí, WC tó bá máa gba WaterSense, àmì tí wọ́n ń fún ohun tí kì í fi omi ṣòfò ní Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ lo ju lítà 4.8 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀wà sóyà lílọ̀ tó wúwo tó gíráàmù 350 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó lè ba lítà 6 jẹ́ ni páìpù tó gùn, tí kò ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó, nítorí náà kí plọ́ḿbà wò ó bí ẹ bá ti ṣí máńhòólù.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e kalẹ̀, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì í mọ́lẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ńtì á jẹ́ kí yíyọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú di fífọ́ àwo àti táìlì pọ̀. Kí wọ́n lo bóòtù, kí wọ́n rọra fún un, kí wọ́n sì fi sílíkónì yí ìdí rẹ̀ ká. Kí ẹ da omi sí i, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó tutù, kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá ti wọn ihò náà, tí ẹ sì ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló wọ̀ tàbí ògiri, ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, n ó sì sọ èyí tó bá a mu fún yín.